Bí Ará Òṣogbo Ṣe Lè Lúwẹ̀ẹ́ Lábẹ́ Òkun Níbi Òkìtì Iyùn Tí Ara Rẹ̀ Kò Dá

Kò sí òkìtì iyùn gidi ní etíkun Nàìjíríà, nítorí pé àwọn odò ńláńlá tó ń ṣàn wọ òkun níbẹ̀ máa ń gbé ẹrẹ̀ wá, iyùn kò sì lè kọ́ òkìtì níbi tí omi bá ti rú, tí oòrùn kò ráyè wọlé. Ará Òṣogbo tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i ní láti rin ìrìn àjò. Zanzibar, ní ilẹ̀ Tanzania, wà lára ibi tí ọ̀nà rẹ̀ kò le jù, torí pé èèyàn lè wọ bàálù ní Èkó, kó pààrọ̀ bàálù ní Addis Ababa, kó sì sọ̀ sí erékùṣù náà. Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wọn a máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó bàálù ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà, nítorí pé òkìtì tí ẹ ń lọ wò ń ṣàìsàn, ẹni tí kò bá sì lè dá ara rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ nínú omi yóò dá kún àìsàn náà, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Iyùn inú òkun kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe ewéko. Ẹranko ni, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ó lẹ́nu, ó ní ọwọ́ tín-ín-rín tó yí ẹnu náà ká, ó sì ń kọ́ ilé ẹfun sábẹ́ ara rẹ̀. Àìmọye wọn tó jọ ń kọ́lé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ló di òkìtì. Inú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ohun ọ̀gbìn tí ojú lásán kò lè rí ń gbé, àwọn ló ń fún un ní àwọ̀ àti èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Bí omi bá fi nǹkan bí 1°C gbóná ju bó ṣe máa ń gbóná ní oṣù tí ooru rẹ̀ mú jù lọ, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á lé àwọn ohun ọ̀gbìn náà jáde, á sì funfun báláú. Èyí tó funfun kò tíì kú, ebi ló ń pa á, ó sì lè bọ̀ sípò bí omi bá tètè tutù. Èyí tó ti kú ni ẹ ó rí tí ewédò aláwọ̀ ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Ooru ọdún 1998 ba iyùn òkun Íńdíà jẹ́ gan-an, ti ọdún 2016 tún dé, nígbà tó sì di oṣù kẹrin ọdún 2024, NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́, kéde ìfunfun kárí ayé ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹ má ṣe retí àwọ̀ mèremère inú àwòrán ìpolówó.

Ìlúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀, Òṣogbo ni kí ẹ ti kọ́ ọ, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, títí ẹ ó fi lè wẹ 200 mítà láìdúró, tí ẹ ó sì lè léfòó fún ìṣẹ́jú 10 láìdi nǹkan kan mú, nítorí ohun tí àwọn olùkọ́ máa ń dánwò nìyẹn. Odò Ọ̀ṣun kò ṣeé fi kọ́ ọ. Ìwakùsà wúrà ti sọ omi rẹ̀ di ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tó gba inú Igbó Ọ̀ṣun kọjá, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, jẹ́ ibi tí a kì í ti í pẹja. (Ẹni tó dàgbà lẹ́bàá omi tí a ń wò tí a kì í mú nǹkan nínú rẹ̀ kò ní pẹ́ lóye òfin òkìtì iyùn.) Ẹ tún lọ rí dókítà. Ikọ́ fée, wárápá, àrùn ọkàn àti oyún kì í ṣe ohun tí a ń fi pamọ́ sórí fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá jẹ́ SS kò gbọdọ̀ lọ rárá, ẹni tó bá jẹ́ AS sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó sanwó.

Bí ẹ bá dé Zanzibar, ẹ bi ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé yín lọ bóyá wọ́n máa ń ju ìdákọ̀ró sórí iyùn tàbí wọ́n máa ń so ọkọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù ńlá tó léfòó lójú omi, kí ẹ sì béèrè iye ènìyàn tí afinimọ̀nà kan ń kó. Bí wọ́n bá ń fi ẹ̀rín dáhùn, ẹ lọ síbòmíràn. Etí erékùṣù Mnemba ni ọ̀pọ̀ ń lọ, ibẹ̀ sì máa ń kún. Ní erékùṣù Chumbe, tó di ibi ààbò ní nǹkan bí ọdún 1994, wọn kì í jẹ́ kí àlejò gbé àgbá afẹ́fẹ́ tí a fi ń mí lábẹ́ omi wọ omi; ẹ ó kàn léfòó pẹ̀lú awò ojú àti ọ̀pá èémí ni, ní tèmi, ìyẹn sì tó fún ẹni tí kò tíì já fáfá. Níbi tí wọ́n bá ti gba àgbá láyè, ẹni tó ń fi í lúwẹ̀ẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í kọjá mítà 12, ẹni tó sì ti gba ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tán kò gbọdọ̀ kọjá mítà 18.

Òjé tí a ń so mọ́ ìbàdí ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, torí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé e pọ̀ jù kí wọ́n lè tètè rì. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó tó nìyí: ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀wù ìléfòó yín dànù, ẹ fa èémí bó ṣe yẹ, kí ẹ sì dúró ṣánṣán láìfi ẹsẹ̀ gbá omi, omi yẹ kó dé ojú yín, bí ẹ bá sì mí síta, kí ẹ rọra máa rì. Lábẹ́ omi, èémí yín ni ẹ ó fi máa gòkè sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá fa afẹ́fẹ́ sínú, ẹ ó gòkè díẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Bí ẹ bá mí i síta, ẹ ó sọ̀. Ẹ má ṣe há èémí mọ́nú láé, torí pé afẹ́fẹ́ tó kún ẹ̀dọ̀fóró ní mítà 10 yóò fẹ̀ ní ìlọ́po méjì kó tó dé ojú omi, ó sì lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Ẹ dojú bolẹ̀ gbọọrọ, ẹ tẹ orúnkún sókè kí bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ má baà gbá iyùn tàbí ru iyanrìn sókè, nítorí iyanrìn tó bá bà lé e ń dí i lẹ́nu. Ẹ so gééjì tó ń ka afẹ́fẹ́ inú àgbá àti rọ́bà rẹ̀ mọ́ àyà kó má wọ́ nílẹ̀. Ẹ fi àlàfo tó tó apá méjì sílẹ̀, bí omi bá sì ń gbé yín lọ, ẹ bá a lọ. Ẹ má di iyùn mú. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gbé kámẹ́rà wọ omi kó tó lè ṣe gbogbo èyí láìronú.

Dípò kí ẹ kun ìpara oòrùn, ẹ wọ ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn. Láti ọdún 2021 ni Hawaii ti fòfin de títa àwọn ìpara tó ní oxybenzone nínú nítorí iyùn. Bí ẹ bá rí ẹja ìràwọ̀ ẹlẹ́gùn-ún tó ń jẹ iyùn, ẹ tọ́ka rẹ̀ sí afinimọ̀nà, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Àgbá tó kún sábà máa ń ka nǹkan bíi bar 200 (bar ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀); ẹ ṣẹ́rí padà ní 100, kí ẹ sì dé ojú omi kó tó lọ sílẹ̀ ju 50 lọ. Ẹ rọra gòkè, kó má ju mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan lọ, kí ẹ sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3, kí náítírójìn tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ lè rọra jáde. Fún ìdí kan náà, ẹni tó bá ti wọ omi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 18, ó kéré tán, kó tó wọ bàálù. Bí oríkèé bá ń dun yín, tí ara kú tipiri tàbí tí òòyì ń kọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá délé, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ òkun dé ni, kí wọ́n má baà kọ́kọ́ máa tọ́jú ibà. Ọ́síjìn ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n fún yín.