Tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé bá kú: bí ẹ ṣe lè kó ìtàn ayé rẹ̀ jọ

Èmi ni mo kó ìwé ìrántí àbúrò mi jọ. Ọdún kẹta ló wà ní yunifásítì, jiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa àpáta àti ilẹ̀, ló ń kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì gbélé. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi báyìí, ó ti gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ó ti di orí òkè kan tàbí inú ihò àpáta kan. Orí òkè ló kú sí. Láti ìgbà tí ìwé náà ti jáde ni àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é. Ohun kan ni mo dì mú tí mi ò jẹ́ kó bọ́: ọjọ́ kan péré ni ọjọ́ ikú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbà ju ojú ewé kan lọ.

Ohun tó máa tètè sọnù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Aṣọ àti ìwé kò ní sá lọ. Ohun tó wà lórí fóònù ló ń sá lọ. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ kú. Ẹ máa fi owó díẹ̀ sí i lóòrèkóòrè, torí ilé-iṣẹ́ fóònù lè gbé nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ fún ẹlòmíràn. WhatsApp máa ń pa àkáǹtì tí a kò lò fún 120 ọjọ́ rẹ́. Láti òpin ọdún 2023, Google náà lè pa àkáǹtì tí a kò fọwọ́ kàn fún ọdún 2 rẹ́, àti fọ́tò àti lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í méfò páswọ́ọ̀dù rẹ̀ o. Àwọn kan ti ṣètò iPhone wọn pé tí a bá tẹ nọ́ńbà ìṣílé rẹ̀ ṣì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kó nu ohun gbogbo inú rẹ̀ kúrò. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti yan ẹnì kan sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Láti ọdún 2021 ni Apple ti fàyè gba kí èèyàn yan ẹni tó máa rí ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ lẹ́yìn ikú, ìwé ẹ̀rí ikú sì wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún. Facebook náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀: ojú ìwé olóògbé á di ti ìrántí, ẹni tó yàn lè pààrọ̀ fọ́tò rẹ̀, àmọ́ kò lè ka ọ̀rọ̀ àṣírí tí olóògbé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ara wọn sọ. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àṣírí yìí mú mi dé ibi tí mi ò fẹ́ fò. Tí fóònù bá ṣí, kì í ṣe ìyá ló yẹ kó kọ́kọ́ ka ohun inú rẹ̀. Ẹ wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹni tí ẹ fọkàn tán, kó kọ́kọ́ wò ó. Ọmọ ogún ọdún ní ohun tí kò fẹ́ kí òbí rí, ikú ò sì sọ ọ́ di ti gbogbo ilé.

Tí ẹ bá ń gba fọ́tò lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́. Fọ́tò tí fóònù yà máa ń ní ọjọ́ àti wákàtí nínú, nígbà mìíràn ibi tí wọ́n ti yà á pàápàá. Tí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́, gbogbo ìyẹn á bọ́ sọnù. Kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì. Ohun tí mo fi mọ ọ̀nà tí àbúrò mi gbà lọ sórí òkè kan tí kò sọ fún ẹnì kankan nílé nìyẹn: mo to fọ́tò rẹ̀ bí wákàtí ṣe tẹ̀lé ara wọn, mo sì fi àmì sí ojú ibi kọ̀ọ̀kan lórí máàpù.

Ohùn tó gbà sílẹ̀ ló dùn mí jù láti pamọ́. Ó máa ń gbà á bó ṣe ń gun òkè lọ, á máa mí gúlegúle, á máa pe orúkọ àpáta, atẹ́gùn á sì máa fọ́ sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan wà tó ti ń fi bàtà ara rẹ̀ ṣẹ̀sín, bàtà tó fi wáyà so àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ sí síwájú ohùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ẹ̀dà pamọ́ síbi mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn má sí nínú ilé yín.

Ìbéèrè tó ń fa ìtàn jáde

Tí ẹ bá bi èèyàn pé "irú ẹni wo ni?", ohun tí gbogbo ayé ń sọ nípa òkú ni wọ́n máa sọ: onínúure ni, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni. Ẹ má bínú sí wọn, ìbéèrè yẹn ni kò dáa. Ẹ béèrè pé: kí ló wà nínú àpò rẹ̀? Kí lẹ jọ jà lé lórí kẹ́yìn? Ọjọ́ wo ló já yín láyà? Ta ló máa ń pè tó bá sọnù sọ́nà? Níbo ló ti sun tí kò yẹ kó sùn?

Ẹ lọ bá àwọn olùkọ́ rẹ̀ náà kí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ tó yí. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ jiọ́lọ́jì máa ń gbé lọ sóko iṣẹ́, tó ń ya àwòrán àpáta sí, lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù olùkọ́ kan tó ń múra láti fẹ̀yìn tì. Ẹ sì béèrè nípa ìwé ẹ̀rí. Àwọn yunifásítì kan máa ń fi oyè dá akẹ́kọ̀ọ́ tó kú lọ́lá tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti jìnnà tó, àmọ́ ìdílé ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Kí ikú má jẹ ayé rẹ̀ mọ́lẹ̀

Ẹ wo Andrew Irvine, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú lórí Everest, òkè tó ga jù láyé, ní oṣù kẹfà ọdún 1924, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 22. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún wá, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi ara wọn nípa rẹ̀ ni pé ṣé òun àti George Mallory, ẹni tí wọ́n jọ ń gun òkè náà, dé ṣóńṣó òkè náà kí wọ́n tó kú. Nígbà tí wọ́n rí bàtà rẹ̀ kan nínú yìnyín ní 2024, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìbọ̀sẹ̀ inú rẹ̀, ìbéèrè yẹn náà ló tún gbéra. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí wa ọkọ̀ ojú omi fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú ìdíje pẹ̀lú yunifásítì Cambridge, ó rìnrìn àjò lọ sí Spitsbergen, erékùṣù oníyìnyín kan ní àríwá ayé, ní 1923, òun sì ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ọ́síjìn tí wọ́n fi ń mí, tó bàjẹ́, wá bá lórí Everest kó tún un ṣe. Ọlọ́wọ́ iṣẹ́ ni. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, ibi ẹ̀rọ yẹn ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi ikú ṣí ìwé yín. Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣí i, tàbí ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́. Tí ẹ bá dé orí ikú, ẹ sọ ibi tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ rí, kí ẹ sì kọjá. Ẹ yẹra fún "ibi tó ti ń ṣe ohun tó fẹ́ràn ló kú sí". Ìyá wa kò lè gbọ́ gbólóhùn yẹn sétí. Ohun tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn ni kó gòkè, kó sì sọ̀ kalẹ̀. Tó bá jẹ́ pé onítọ̀hún ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, ẹ má ṣe kọ bó ṣe ṣe é. Ìmọ̀ràn tí àjọ ìlera àgbáyé ń fún àwọn akọ̀ròyìn nìyẹn, ó sì bá ìdílé náà mu.

Ẹ jẹ́ kó rí bó ṣe rí. Dan Eldon, ọ̀dọ́ ayàwòrán oníròyìn tí wọ́n pa ní Mogadishu, olú ìlú Sòmálíà, ní oṣù keje ọdún 1993, òun náà ẹni ọdún 22, fi ìwé àkọsílẹ̀ 17 sílẹ̀, tó kún fún fọ́tò tó lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀dà àti ọ̀rọ̀ tó kọ gba ẹ̀gbẹ́ ìwé. Nígbà tí ìdílé rẹ̀ gbé wọn jáde, àwòrán ojú ewé náà gan-an ni wọ́n tẹ̀. Tèmi náà, mo ya ojú ìwé àbúrò mi pẹ̀lú àbàwọ́n ẹrẹ̀ rẹ̀. Mo sì fi àléébù rẹ̀ sí i. Ó yá àgọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, kò dá a padà. Bàbá wa ní kí n yọ ọ́, pé a kì í sọ irú ẹ̀ nípa òkú. Mo lọ bá ẹni tó ni àgọ́, mo ní kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ojú ewé tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù nínú ìwé náà nìyẹn, Bàbá gan-an ló sì máa ń kà á fún àlejò.

Owó, tí owó bá wà

Àwọn èèyàn á fẹ́ dá owó jọ. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọlọ́dọọdún ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn, àmọ́ ó gba owó ńlá, nítorí èrè orí owó náà ni ẹ máa ná tí ẹ kò bá fẹ́ kó tán. Ohun kékeré tó bá onítọ̀hún mu dára jù lójú mi: okùn àti akoto fún ẹgbẹ́ gígun òkè ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tàbí owó ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sóko iṣẹ́. Kó tán lọ́jọ́ kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: ta ló ń fọwọ́ síwèé, ta ló ń yan ẹni tó máa gbà á, kí la máa fi ìyókù ṣe.

Ẹ fi ojú ewé òfìfo sílẹ̀ lẹ́yìn ìwé náà. Ìtàn kan á dé lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, pàápàá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí olóògbé bá pàdé lójú ọ̀nà, tí kò mọ̀ pé ó ti kú. Tí ẹ bá tún ìwé náà tẹ̀, ẹ kọ ọdún àtúntẹ̀ náà àti ohun tí ẹ fi kún un sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹni tí ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè mọ ohun tó kù tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ yín.