Bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́ dọkumẹ́ńtárì nídìí ìkòkò aró n'Ìbàdàn

Òde àríyá ni mo ti ń gbé kámẹ́rà kí n tó bá ọ̀gá mi pàdé. Ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà: mo mọ ibi tí wọ́n ń dúró sí tí ìyàwó bá ń wọlé, mo sì mọ bí a ṣe ń fi kámẹ́rà tẹ̀lé owó tí wọ́n bá ń ná olórin. Ṣùgbọ́n dọkumẹ́ńtárì ló wà lọ́kàn mi. Láti kékeré ni mo ti ń wo iṣẹ́ ọ̀gá yìí, tí ẹnu sì ń yà mí pé wọ́n lè ya ẹni tó ń gún iyán títí tí n kò fi ní fẹ́ kí iyán náà parí. Nígbà tí wọ́n gbà pé kí n máa tẹ̀lé àwọn, bí ọdún ni ọjọ́ náà rí fún mi.

Ìlú wa yìí ni WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1959. Ibẹ̀ ni Túndé Kèlání pàápàá ti ṣiṣẹ́ kámẹ́rà kí wọ́n tó di olùdarí fíìmù. Ìran àwọn ayàwòrán bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi. Fíìmù mílímítà 16 ni wọ́n ń lò nígbà náà. Róòlù tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 400 kì í lò ju bí ìṣẹ́jú 11 lọ. Ẹni tí kò bá tíì mọ ohun tó fẹ́ yà kì í fọwọ́ kan bọ́tìnì. Káàdì tí mò ń lò lónìí lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, síbẹ̀ ohun tí ọ̀gá ń bi mí kí n tó tẹ bọ́tìnì kò yí padà: "Kí lo fẹ́ ká rí?"

Adìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, la mú fún fíìmù wa. Ìtàn tí gbogbo èèyàn ń sọ nípa rẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà ń kú lọ. Ọ̀gá ní kí n má mú ìyẹn bọ̀, kí n lọ jókòó ti ìyá aláró kan ní ìsàlẹ̀ ìlú, kí n fi kámẹ́rà sílẹ̀ nílé.

Mo lọ. Mo kí Ìyá, mo bá wọn pọn omi, mo sì jókòó. Mo rí bí wọ́n ṣe ń fi láfún àti álọ́ọ̀mù ro ẹ̀kọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ ya á sára aṣọ funfun, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Wọ́n ya àwòrán adìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn lójú mi, pẹ̀lú àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n kọ́ parí ní 1929. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò ni ojú mi ń lọ. Wọ́n ti da ewé ẹlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ, sínú omi tí wọ́n sẹ́ lára eérú, ó sì ń kan. Láràárọ̀, Ìyá á ti ìka bọ inú rẹ̀, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á ní, "Kò tíì tó."

Nígbà tí mo ròyìn èyí fún ọ̀gá, ńṣe ni wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. "O ti rí ìtàn rẹ. Aró yìí á tó àbí kò ní tó? Ohun tí òǹwòran á máa bi ara rẹ̀ nìyẹn. Ohunkóhun tí kò bá fara kọ́ ìbéèrè yẹn, má yà á."

Ìgbà náà ni mo tó gbé kámẹ́rà wá. Orí àpótí ni Ìyá ń jókòó, nítorí náà mo rẹ ẹsẹ̀ kámẹ́rà sílẹ̀ títí ó fi bá ojú wọn dọ́gba. Kámẹ́rà tó ń wo àgbà láti òkè ń yájú sí i, mo gba ìyẹn gbọ́ dọ́ba. Àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo tò ó sí, mo sì fi shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá (1/50), torí hertz 50 ni iná mànàmáná wa, ìyẹn ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọn kò bá bára mu, gílóòbù inú ilé á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. Mo de white balance, ètò tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà mọ ohun tó jẹ́ funfun, mọ́ 5600 K, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán, ní àgbàlá. Tí a bá fi í sílẹ̀ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe, nígbàkigbà tí aṣọ aró bá kún ojú kámẹ́rà, á fẹ́ pa búlúù yẹn rẹ́, ojú Ìyá á sì pọ́n bí epo. Ojú Ìyá náà ni mo fi wọn ìmọ́lẹ̀. Aṣọ funfun ẹ̀gbẹ́ wọn ì bá sọ wọ́n di òjìji.

Fún iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, mo ya ọwọ́, mo ya ojú, mo ya ojú àti ọwọ́ pọ̀, mo gba ẹ̀yìn èjìká wọn wo iṣẹ́, mo sì ya gbogbo àgbàlá. Ọ̀gá kò gbà kí n ní kí Ìyá tún nǹkan kan ṣe nítorí kámẹ́rà. Bó bá kọjá, ó kọjá.

Ọjọ́ tí Ìyá ní "Ó ti tó" dé. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró kì í ṣe búlúù. Ó máa ń rí bí ewé ni, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù bó ṣe ń fẹ́ sí i lára. Ìyípadà yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà kámẹ́rà ti ń ṣiṣẹ́ kí Ìyá tó fa aṣọ sókè. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ sí mi létí: má fà á súnmọ́, má yí i, aṣọ ló ń rìn. Mo dúró gbọn-in. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò la ṣe kẹ́yìn, lásìkò tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò dákẹ́. Mo fi máíkì kékeré há ọrùn bùbá Ìyá, mo sì kọ́kọ́ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kí n lè fi bo ojú ibi tí a bá gé. N kò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ fún mi nípa ìgbà tí aró kọ̀ tí kò tó." Wọ́n dáhùn ní ṣókí. N kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ wọn tó kọ́ wọn níṣẹ́, bí gbogbo aṣọ oníbàárà ṣe bàjẹ́ lọ́dún kan, àti bí àwọn méjèèjì ṣe jókòó ti ìkòkò náà, tí wọ́n ń ké pe Ìyá Mapó, òrìṣà àwọn aláró.

Nídìí ìtòpọ̀, mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sí ìwé, mo gé e, mo tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà. Ìyá àtàwọn ọmọ wọn la kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn. Wọ́n ní kí a yọ ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹlú àti eérú, pé àṣírí ilé àwọn nìyẹn. Àwòrán tó dára gan-an ni. Ọ̀gá kò tilẹ̀ jẹ́ kí n béèrè lẹ́ẹ̀kejì. A yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì fi ojú Ìyá níbi tí wọ́n ti ń tọ́ aró wò dí àyè rẹ̀.