Bí mo ṣe fi ijó Giselle wé Lamentation

Olùkọ́ wa ní kíláàsì ìtàn ijó ní kí a mú bálẹ́ẹ̀tì (ijó orí ìtàgé ilẹ̀ Yúróòpù) àtijọ́ kan àti ijó òde òní kan tó dá lórí ìbànújẹ́, kí a fi wọ́n wéra. Mo mú Giselle, tí wọ́n kọ́kọ́ jó ní Paris lọ́dún 1841, àti Lamentation, tí Martha Graham, oníjó ará Amẹ́ríkà, jó ní New York lọ́dún 1930. Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi ṣe é, ti àkọ́kọ́ sì bá omi lọ.

Ohun tó fà á ni pé ìtàn ni mo kọ́kọ́ dì mú. Giselle ní ìtàn: Albrecht, ọmọ ọlọ́lá, múra bí ará oko, ó tan ọmọbìnrin abúlé kan tó ń jẹ́ Giselle. Nígbà tí àṣírí tú, orí ọmọ náà dàrú, ó sì kú. Nínú igbó tí wọ́n sin ín sí, àwọn Wili, ẹ̀mí àwọn ọmọge tó kú kí ọjọ́ ìgbéyàwó wọn tó pé, máa ń jáde lóru, wọ́n á mú ọkùnrin tó bá kọjá jó títí yóò fi kú. Nígbà tí wọ́n mú Albrecht, Giselle, tó ti di ẹ̀mí bíi tiwọn, ló dáàbò bò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Èyí gba ojú ìwé 2 lọ́wọ́ mi. Nígbà tó kan Lamentation, ìlà 6 péré ni mo rí kọ. Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣọ̀fọ̀. Ta ló kú? Ijó náà kò sọ. Olùkọ́ mi kà á, ó ní, "Ara wọn ńkọ́? Ibo ni ìbànújẹ́ wà lára wọn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo pa ohùn fídíò, mo ń wo ẹsẹ̀ nìkan. Nínú igbó yẹn, ṣóńṣó ìka ẹsẹ̀ ni Giselle fi ń tẹlẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná. Albrecht gbé e sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ.

Lamentation kò gùn ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 lọ, orin dùùrù tí Kodály, olórin ará Hungary, kọ ni wọ́n fi jó o. Aṣọ elésè àlùkò kan tó ń nà bí rọ́bà bo oníjó náà látorí, ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló yọ. Ẹsẹ̀ lásán ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Ikùn ló kọ́kọ́ fà wọlé, ẹ̀yìn á tẹ̀, orí á tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ń ti aṣọ náà látinú, aṣọ ń yọ igun ṣóńṣó, ó tún ń fà á padà.

Ibẹ̀ ni màmá àgbà wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí àbúrò màmá mi kú, orí ẹní ni wọ́n jókòó sí, wọ́n fa ìró bo orí, wọ́n di etí rẹ̀ mú gírígírí, wọ́n sì ń mì síwá sẹ́yìn. Mo dá fídíò dúró, mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìró tèmi, mo jókòó sórí àga, mo gbìyànjú ohun tí Graham ṣe. Kò pé ìṣẹ́jú 2 tí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Aṣọ yẹn ń bá èèyàn jà! Graham fúnra rẹ̀ sọ nípa obìnrin kan tó wá bá a lẹ́yìn eré: ọmọ rẹ̀ kú lójú rẹ̀, kò sì rí omijé sun àfìgbà tó wo ijó yìí. Mo gbà á gbọ́.

Mo wá kọ ọ́ pé nínú Giselle ìbànújẹ́ a máa fúyẹ́, nínú Lamentation a máa wúwo. Ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò pé. Mo padà wo ibi tí orí Giselle ti dàrú. Irun rẹ̀ tú sílẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ já òdòdó kan ní ewé kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá Albrecht fẹ́ràn rẹ̀. Ní báyìí, ìka rẹ̀ tún ń já òdòdó tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Orin tí wọ́n jọ jó sí tẹ́lẹ̀ padà wá ní àjákù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wọ́lẹ̀. Ìgbà tó wà láàyè, ó wúwo. Ikú ló sọ ọ́ di fúyẹ́. Mo tún gbogbo ìpínrọ̀ yẹn kọ.

Nígbà tí iṣẹ́ náà padà wá, ìbéèrè kan ló wà létí rẹ̀: "Albrecht ńkọ́? Òun náà ń ṣọ̀fọ̀." Òótọ́ ni. Òun ni àwọn Wili mú fò léraléra títí agbára fi tán tó ṣubú. Ìwúwo tí mo ní ó kúrò lára Giselle, ara ọkùnrin yẹn ló bọ́ sí. Mo ti fi ìpínrọ̀ kan kún un.