Bí mo ṣe kúrò ní ófíìsì lọ jókòó sí kíláàsì: ìrírí mi nídìí iṣẹ́ H.M.

Àwọn H.M. ẹgbẹ́ mi, ìyẹn àwọn ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti ń bi mí pé kí la ṣe tí ìwé kíkà fi ń gbérí níléèwé wa, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni o, tíṣà ò tó, bẹ́ǹṣì ò tó, ẹnikẹ́ni ò sì fún wa lówó àkànṣe. Ohun tó yí padà jù ni ibi tí èmi H.M. ń jókòó sí láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ló kọ́ wa níṣẹ́ H.M.? Ní Nàìjíríà níbí, èèyàn á ṣe tíṣà títí, á máa gba ìgbéga, ọjọ́ kan ni lẹ́tà á dé, wọ́n á kó kọ́kọ́rọ́ ófíìsì àti lọ́ọ̀gù búùkù lé e lọ́wọ́, ó parí. Ní Rwanda, Yunifásítì Rwanda ní dípúlómà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀gá iléèwé níṣẹ́ yìí gan-an, ó sì wù mí kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ìròyìn GEM, ìyẹn ìròyìn lórí bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ sí lágbàáyé, tí UNESCO gbé jáde ní 2024 dá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun mẹ́rin ni wọ́n ní kí ọ̀gá iléèwé dì mú: kó jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ ibi tá à ń lọ, kó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́, kó jẹ́ káwọn èèyàn ẹ̀ máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kó sì máa gbé wọn ga lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé fífọwọ́ sí, ìpàdé ní LGEA (ófíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀), òbí tó wá jà torí pé wọ́n na ọmọ ẹ̀, iṣẹ́ gidi ni gbogbo wọn, àmọ́ wọ́n á ti jẹ àárọ̀ tán kéèyàn tó ráyè dé kíláàsì kankan.

Torí náà àárọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbà padà. A.H.M. mi, ìyẹn igbákejì mi, gba rẹ́jísítà àti àwọn ìwé kéékèèké, a sọ fáwọn òbí pé lẹ́yìn ìsinmi ni kí wọ́n máa wá àfi tó bá jẹ́ àìsàn. Bí LGEA bá pè mí, màá lọ o, ta ló máa kọ̀, àmọ́ A.H.M. á rọ́pò mi ní kíláàsì.

Lẹ́yìn náà la wá yẹ àwọn ọmọ praimárì 4 sí 6 wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kàwé sókè. Ọ̀nà yìí, ọ̀dọ̀ Pratham, àjọ ètò ẹ̀kọ́ kan ní Íńdíà, ló ti bẹ̀rẹ̀, Teaching at the Right Level ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kíkọ́ ọmọ níbi tí ìmọ̀ ẹ̀ dé, Zambia ń lò ó wọ́n sọ ọ́ ní Catch Up, Botswana náà ń lò ó. Ọmọ á ka lẹ́tà, á ka ọ̀rọ̀ kan, á ka ìpínrọ̀ kékeré, á wá ka ìtàn ṣókí, Yorùbá lákọ̀ọ́kọ́ ká tó bọ́ sí gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin kan ní praimárì 5, ojú ewé kan nínú ìwé kíláàsì wọn ló kọ́kọ́ kà fún mi, ó kà á wàrà-wàrà, ohùn ẹ̀ já gaara, mo wá fi páálí bo òkè mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kò rí nǹkan sọ. Ó ti há a sórí ni. Bánkì Àgbáyé sọ ní 2022 pé ní Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà, tẹ́ ẹ bá kó ọmọ ọlọ́dún 10 mẹ́wàá jọ, bíi 9 nínú wọn ni ò lè ka ìtàn kékeré kó yé wọn, lọ́jọ́ yẹn ni nọ́ńbà yẹn di ojú ọmọ tí mo mọ orúkọ ẹ̀. A pín wọn sí ẹgbẹ́ bí ìwé kíkà wọn ṣe mọ, wákàtí kan láràárọ̀, ọmọ praimárì 6 lè jókòó ti ọmọ praimárì 4, a sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ẹgbẹ́ kankan ní ti olódo.

Ibi tó le jù ni jíjókòó sí kíláàsì àwọn tíṣà. Bàbá kan wà láàárín wa tí wọ́n ti ń kọ́ni kí n tó jáde sẹ́kọ́ńdírì, báwo lèmi ṣe máa wá jókòó sẹ́yìn wọn pé mò ń yẹ iṣẹ́ wọn wò? Èmi ni mo lọ bá wọn lẹ́yìn ìparí iṣẹ́, mi ò ránṣẹ́ pè wọ́n sí ófíìsì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ wá jókòó ní kíláàsì yín lọ́la." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "H.M., ṣé ẹnì kan ti fẹjọ́ mi sùn ni?" Mo ní, "Rárá o sà, àwọn ọmọ ni mo fẹ́ wò, ẹ sọ ibi tó ń yọ yín lẹ́nu kí n bá yín wò ó." Wọ́n ní àwọn ọmọ kì í dáhùn ìbéèrè.

Lọ́jọ́ kejì mi ò mú bírò pupa dání, mi ò mú fọ́ọ̀mù ìnspẹ́kítọ̀ kankan, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ, mo ya bí wọ́n ṣe jókòó sínú ìwé, mo ń fàmì sí ọmọ tó bá sọ̀rọ̀. Bàbá béèrè pé ṣé ó yé yín, gbogbo kíláàsì hó pé "ó yé wa sà!" Mo rọra bi ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí ló yé e, ó rẹ́rìn-ín, ó dorí kodò. Nígbà ìsinmi mo kàn fún bàbá ní ìwé tí mo yà, mi ò sọ nǹkan kan, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Àwọn tiwájú nìkan ló ń dá mi lóhùn." Àwọn fúnra wọn ló dábàá ká kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí páálí kékeré, ká kó o sínú agolo mílíìkì, ẹni tí wọ́n bá fà ló máa dáhùn. Ohun kan ṣoṣo yẹn la fà yọ lọ́jọ́ náà, torí téèyàn bá ka àléébù mẹ́wàá sí tíṣà lọ́rùn kò ní tún ìkankan ṣe. Nígbà tí mo padà lọ, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti ń jókòó gírí torí wọn ò mọ ìgbà tó máa kàn wọ́n, àwọn tíṣà tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo kíláàsì bàbá.

Ti lẹ́sìn nóòtì, mo ṣì ń fọwọ́ sí i, wọ́n máa béèrè ẹ̀. Àmọ́ mo ti wá ń gba ìwé àwọn ọmọ mọ́ ọn, ti ẹni tó mọ̀wé, ti ẹni tó wà láàárín, àti ti ẹni tó ń tiraka, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ lóòótọ́.

Ní ìpàdé SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn òbí, tíṣà àti ará àdúgbò tó ń bójú tó iléèwé, ìyá kan bínú pé, "Ṣé Yorùbá lọmọ mi wá kọ́ níbí ni?" A.H.M. ló dá wọn lóhùn, wọ́n ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ ti gbìyànjú ẹ̀ láti 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn nínú gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà a ní kí àwọn ọmọ díẹ̀ kàwé létí àwọn òbí, ìyá yẹn náà ló bi wá pé kí lòun lè ṣe nílé, a ní kí wọ́n máa jẹ́ kọ́mọ kàwé sí wọn létí lálaalẹ́, kódà bí àwọn ò bá mọ̀wé.

Ohun tó wà lọ́kàn mi báyìí ni tìráńsífà, torí wọn kì í fi H.M. sílẹ̀ pẹ́ lójú kan. A.H.M. ti ń dá wọ kíláàsì lọ ní tiwọn, èsì àyẹ̀wò àwọn ọmọ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù iléèwé, kì í ṣe nínú báàgì mi, tí táàmù tuntun bá sì wọlé, praimárì 3 la fẹ́ yẹ̀ wò.