Ohun tí orúkọ mi ná mi nígbà tí mo kúrò ní yunifásítì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama

Dọ́là 116 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi, wọn kò sì jẹ́ kí n fojú kan ìbéèrè kan ṣoṣo. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò tí mo fẹ́ fi gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ wo láísẹ́ǹsì ọkọ̀ mi, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún wo láísẹ́ǹsì náà, ó wá ní orúkọ tó wà níhìn-ín yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́hùn-ún, nítorí náà òun kò lè gbà mí wọlé. Odindi ọdún 22 ni mo ti fi kọ́ àwọn géńdé ọkùnrin ní yunifásítì ní bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ mo dúró sí kọ́rídọ̀ bí ọmọ tí wọ́n lé nílé-ìwé nítorí owó.

Kí n tó lọ jìnnà, bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbá lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìbàdàn. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá, tí àṣíborí àti páàdì èjìká sì jẹ́ ara aṣọ iṣẹ́. Mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí àwọn òbí mi tó kó wa wá sí Houston. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ eré náà, mo gbá a ní yunifásítì, mo sì di igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ń bójú tó ìlà iwájú àwọn adènà, ìyẹn àwọn tó ń dí alátakò lọ́nà kí wọ́n má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Àwọn ìbátan mi kò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́ títí tí mo fi sọ fún wọn pé ọmọ Nàìjíríà ni Christian Okoye, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré ju gbogbo ẹlòmíràn lọ nínú NFL, líìgì àwọn tó ń fi eré náà ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1989.

Ohun tó lé mi kúrò ní yunifásítì kò ṣòro láti sọ. Bí wọ́n bá lé ọ̀gá àgbà akọ́nimọ̀ọ́gbá, gbogbo àwa igbákejì ni a ó di ẹrù wa, èyí sì ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ti ṣí ojúlé ìṣípòpadà orí ẹ̀rọ ayélujára, níbi tí agbábọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ lọ sí yunifásítì mìíràn ti ń forúkọ sílẹ̀, àti pàápàá láti oṣù keje ọdún 2021 tí wọ́n ti gbà wọ́n láàyè láti fi orúkọ wọn pa owó, iṣẹ́ wa ti di ká máa fi fóònù bẹ ọmọ tí a fúnra wa kọ́ pé kó má lọ. Mo fẹ́ kọ́ ọmọ tí yóò wà lọ́dọ̀ mi fún ọdún mẹ́rin. Nínú oṣù kìíní, ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní ẹ̀yìn odi Houston gbà mí ní ọ̀gá àgbà akọ́nimọ̀ọ́gbá. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò nílò àlàyé. Ẹni mọ ẹni ni, gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Texas ni ọ̀rọ̀ náà ti yí bìrí. UIL, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba níbẹ̀, fẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹ́ òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ tó gbà á, ẹ̀ka tó gbà mí sì fẹ́ kí n jẹ́ olùkọ́ tó ní ìwé-ẹ̀rí ìpínlẹ̀. Èmi kò ní i rí. Ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Mo forúkọ sílẹ̀ fún ètò àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, mo ń ka ìwé lóru, mo lọ tẹ̀ka, mo parí ẹ̀kọ́ ìdóòlà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dédé dúró. Wọ́n tilẹ̀ ní kí n lọ gba ìwé-ẹ̀rí lórí bí a ṣe ń gbé alátakò ṣánlẹ̀ láìṣe ara ẹni léṣe, èmi tí mo ti ń kọ́ni ní nǹkan náà kí ẹlòmíràn nínú àwọn tó ń kọ́ wa lọ́jọ́ náà tó wọ ilé-ẹ̀kọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣe é. Ìdánwò lórí ẹ̀kọ́ eré ìdárayá nìkan ló kù.

Ibi tí orúkọ ti wọ̀ ọ́ rèé. Nílé-ẹ̀kọ́ mi ní Ìbàdàn, orúkọ ìdílé ni a máa ń kọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe wà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yunifásítì tí mo lọ. Àwọn yẹn gbé e bí wọ́n ṣe rí i: orúkọ bàbá mi di orúkọ àbísọ mi, orúkọ àbísọ mi di ti ìdílé. Ẹnì kan tún rò pé orúkọ náà ti gùn jù, ó sì gé “Olúwa” kúrò níwájú rẹ̀. Mo rí i nígbà náà, mo fojú fò ó, nítorí pé orúkọ ẹ̀yìn aṣọ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mí sí. Nígbà tí mo di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mo rí i dájú pé wọ́n kọ orúkọ mi ní pípé, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ mi sì bá a mu. Báyìí ni mo ṣe di ẹni méjì láìmọ̀.

Ètò tí mo forúkọ sílẹ̀ fún sọ fún mi pé orúkọ tí mo bá fi gba ìdánwò gbọ́dọ̀ bá ìwé èsì yunifásítì mu. Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò ní tiwọn sọ pé ó gbọ́dọ̀ bá láísẹ́ǹsì mu. Wọn kò dá owó padà, wọ́n ní ẹ̀bi mi ni.

Mo tún orúkọ náà ṣe lọ́dọ̀ àwọn aṣèdánwò, èyí tó gba ọ̀sẹ̀ méjì àti ẹ̀dà ìwé ọmọ-ìlú mi, mo san dọ́là 116 mìíràn, mo jókòó, mo sì yege. Mo rò pé ó ti parí. Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, èsì kò dé inú àkọsílẹ̀ mi lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀, nítorí pé orúkọ àtijọ́ ni àkọsílẹ̀ yẹn ṣì ń jẹ́. Mo pe fóònù. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n pe ètò mi, ètò mi ní kí n pe yunifásítì, yunifásítì ní kí n kọ̀wé, mo kọ ọ́, kọ̀ǹpútà wọn sì dá mi lóhùn pé wọ́n ti gbọ́, wọn yóò padà sọ́dọ̀ mi. Lójoojúmọ́, bí aago mẹ́jọ bá ti lù, èmi ni mo máa ń wà lórí fóònù, tí orin tí wọ́n fi ń dá ènìyàn dúró ń dún létí mi, tí ìyàwó mi ń wò mí láti ìdáná bí ẹni ń wo aláìsàn.

Níkẹyìn, mo wọkọ̀ lọ sí yunifásítì náà fúnra mi, wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀nà. Mo mú ìwé ọmọ-ìlú, láísẹ́ǹsì, ìwé ìbí, àti ìwé ìbúra tí nótárì fọwọ́ sí pé ẹnì kan náà ni orúkọ méjèèjì. Ìyá àgbàlagbà kan ló wà lórí káńtà. Ó tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà orúkọ mi láti O dé ìparí, ó bi mí bí wọ́n ṣe ń pè é, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì títí ó fi gbà á, ó wá tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú mi dùn, inú sì bí mi, nítorí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti fi wá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn.

Kì í ṣe owó ló dùn mí jù. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìpele 5A àti 6A, ìyẹn àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn pọ̀ jù, ní ààyè láti ṣe ìdánrawò ní ìgbà ìrúwé, ọjọ́ 18 láàárín ọjọ́ 34, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọ̀gá tuntun máa ń mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ìwé-ẹ̀rí mi fi máa jáde, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Àwọn ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ̀yìn wáyà ni mo dúró sí bí òbí, tí igbákejì ọ̀gá àná ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní ohun tí mo mọ̀ pé èmi yóò padà wá tú.

Nígbà tí oṣù kẹjọ dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní yunifásítì, wákàtí 20 ni òfin fún wa lọ́sẹ̀. Níhìn-ín, nígbà tí ilé-ìwé bá ti wọlé, wákàtí mẹ́jọ ni, lẹ́yìn àkókò ìkẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ìlànà adènà mi tó nípọn bí Bíbélì, mo gé e kù sí ojú ewé mẹ́rin, ó sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń fọ aṣọ. Èmi ni mo ń fi àṣíborí wọ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lórí, tí mo ń di awọ àgbọ̀n rẹ̀, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì mi àṣíborí náà jìgìjìgì láti mọ̀ bóyá awọ iwájú orí yóò bá a lọ, nítorí pé bí àṣíborí bá ń yí tí awọ orí kò yí, ó ti tóbi jù. Ìyá ọmọ kan tó jẹ́ ará Abẹ́òkúta dúró, ó ń wo gbogbo rẹ̀. “Bùrọ̀dá kóòṣì,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ orí ọmọ mi, ìdánwò ìṣirò ń bọ̀.” Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ìṣirò náà ló sì mú ọmọ náà: òfin Texas sọ pé ẹni tí máàkì rẹ̀ bá wọlẹ̀ ju 70 lọ kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Adènà mi tó dára jù lọ jókòó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, èmi náà sì ń kọ́ ọ ní ìṣirò nínú ọ́fíìsì mi láàárín òórùn bàtà.

A borí ju iye tí ẹ̀ka retí lọ, n kò ní fi ìyẹn pamọ́.

Fún igbákejì mìíràn tó ń ro irú nǹkan yìí: kí o tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, to gbogbo ìwé rẹ sórí tábìlì, kí o ka orúkọ wọn sókè lẹ́tà lẹ́tà, pàápàá bí o bá jẹ́ ọmọ Yorùbá tí orúkọ rẹ gùn. Bí ó bá yàtọ̀, ìwé èsì yunifásítì ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe, kí o lọ fúnra rẹ, má ṣe pè. Ní ti dọ́là 116 àkọ́kọ́ yẹn, lẹ́tà kẹrin ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì kọ orúkọ mi ní pípé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.