Bí mo ṣe ṣètò ṣájì òru fún ọkọ̀ iná wa, tí ẹni tí mi ò mọ̀ rí fi ń bá mi náwó

£176. Bíìlì iná tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ní ìparí February 2025 nìyẹn o. Kí á tó ra ọkọ̀ iná, ìyẹn ọkọ̀ tó ń fi bátìrì rìn, nǹkan bíi £85 la máa ń san lóṣù, èmi náà sì ti jókòó ṣírò ẹ̀, mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún Ìyá Ìbejì pé tọkọ̀ tilé, a ò ní san ju £130 lọ, torí òru la ó máa ṣájì ẹ̀, òru sì ni owó iná máa ń wálẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wo bíìlì náà, ó dá a padà fún mi, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó, ẹ mọ̀ pé ó sàn kí wọ́n bú yín ju ìyẹn lọ.

Thamesmead là ń gbé ní London níbí. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì 2012 ni mò ń wà tẹ́lẹ̀, kò dá mi lóró rí, àfìgbà tí wọ́n na ULEZ, ìyẹn owó ojoojúmọ́ tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tí èéfín ẹ̀ bá pọ̀ jù, dé gbogbo London ní August 29, 2023, tó wá di pé bí mo bá ti tan ọkọ̀ jáde báyìí £12.50 ti lọ, ì báà ṣe ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ, ì báà ṣe ọjà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja. Mo fara dà á títí, nígbà tó di December 2024 mo ra ọkọ̀ iná àlòkù (mi ò lè pè é ní tòkunbọ̀, torí òkun náà la wà), bátìrì ẹ̀ jẹ́ kilowatt-hour 40, ìyẹn yúnìtì 40 tá a bá fi èdè NEPA sọ ọ́.

Ti pé wọ́n gbé ṣája kọ́ ara ògiri, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Oníná tó níwèé ẹ̀rí wá, ó lo bíi wákàtí mẹ́ta, ó gba £950, ó lọ. Owó ìrànwọ́ £350 tẹ́ ẹ gbọ́ pé ìjọba ń fún èèyàn, wọ́n ti dáwọ́ ẹ̀ dúró fún ẹni tó bá ń gbé ilé tó jẹ́ tiẹ̀ láti ìparí March 2022, àwọn ayálégbé àti àwọn onífúláàtì ni wọ́n ṣì ń fún nígbà yẹn, mo pẹ́ kí n tó dé ọjà. Smart meter, mítà tó ń fúnra ẹ̀ fi iye iná tá a jó ránṣẹ́, ti wà nílé wa tẹ́lẹ̀, mo kàn ní kí wọ́n máa kà á ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, wọ́n wá gbé wa sórí tàrífù òru: láti 12:30 sí 5:30, pẹ́ńsì 8.5 ni yúnìtì kan, ìyókù ọjọ́ jẹ́ pẹ́ńsì 29. Ẹ fojú sí 29 yẹn dáadáa, torí 25 la ń san kí á tó bọ́ sí orí tàrífù yìí. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fún ọ, wọ́n ti ń fi tòsì gbà á padà. Ẹni tí ò bá ní nǹkan gidi tó ń fi iná òru ṣe, kó má wulẹ̀ sún mọ́ ọn.

Èmi gan-an ò rò pé nǹkan tó ń jẹ́ ṣájì òru yìí lè ṣòro fún mi. Nílé wa ní Mọ́kọlá, n'Íbàdàn, nígbà tá a wà lọ́mọdé, iná kì í sábà dé àfi bí aago kan òru, màámi á wá máa gbá wa lẹ́sẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ìwọ lọ tan pọ́ǹpù omi, ìwọ fi áyọ́ọ̀nù lọ àwọn yúnífọ́ọ̀mù yẹn kí wọ́n tó mú un lọ, ìwọ ki áìsì bọ fírísà. Kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe áàpù ṣája mi, màámi ti ń ṣe é. Nítorí náà mo ṣí áàpù, mo tẹ 00:30, mo tẹ 05:30, mo mú gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀, mo ní kó fi pamọ́. Ìṣẹ́jú méjì. Mo ki wáyà bọ ọkọ̀, mo lọ sùn bí ọ̀gá.

Ẹ wo ìṣirò mi kẹ́ ẹ rí i pé orí mi pé. Ṣája ògiri yẹn ń fún ni ní kilowatt 7, ọkọ̀ wa ò lè gbà ju 6.6 lọ, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún fún wákàtí márùn-ún, yúnìtì 33. Èmi ò kì í jó ju 20 lọ lóòjọ́. Ó yẹ kó kún, kó ṣẹ́kù.

Mo jáde laago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, 58%. Ìyẹn ni pé gbogbo òru yẹn, yúnìtì mẹ́jọ péré ló wọlé. Mo ní bóyá ó ṣì ń kọ́ra ni. Àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, 55. Ọjọ́ kẹta, 57. Nígbà tí mi ò lè gbé ọkọ̀ tí ò yó lọ síbi iṣẹ́, mo tẹ bọ́tìnnì "ṣájì báyìí" lórí áàpù, ó sì gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí n tó wẹ̀ kí n tó jẹun ó ti gun òkè. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo àárọ̀ fún oṣù kan gbáko, laago mẹ́fà, pẹ̀lú iná pẹ́ńsì 29, mo sì ń yin ara mi pé mo ti rí ọgbọ́n dá sí i. Àfi ìgbà tí £176 dé.

Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù lojú mi rí màbo. Àwọn tó ni ṣája fi mí sórí orin fún ìṣẹ́jú 47, orin kan ṣoṣo, ó ń yí po, nígbà tí ọmọkùnrin kan máa gbé e, ó lo ohùn pẹ̀lẹ́, ó wo kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ní ní tàwọn o, ṣája ń ṣílẹ̀kùn lóru, ọkọ̀ ni ò wọlé, ẹ lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀. Àwọn tó ta ọkọ̀ fún mi ní ọkọ̀ ò ní ẹ̀sùn kankan, ṣája ni, àmọ́ tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ kí àwọn so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, £120. Àwọn oníná ní mítà ń kà dáadáa. Ó ń kà dáadáa lóòótọ́, òun ló ka £176! Wọ́n ní kí n pa á kí n tún un tàn, mo ṣe é. Wọ́n ní kí n yọ áàpù kúrò kí n tún un fi sí i, mo ṣe é. Wọ́n ní bóyá Wi-Fi ò dé ìta, mo gbé ráútà kúrò ní pálọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ìbejì sunkún pé gémù àwọn ò lọ mọ́. Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní wáyà tí wọ́n tà fún mi ni ò jẹ́ ojúlówó. Ká ní ilé la wà ni, ríwáyà ni mi ò bá gbé e lọ bá, á ti tú ọkọ̀ palẹ̀, á sì ní fíúsì ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lórí eléyìí. Láàárín ẹ̀ mo tiẹ̀ sá lọ síbi ṣája kíákíá etí títì lẹ́ẹ̀mejì, pẹ́ńsì 79 fún yúnìtì kan, VAT 20% wà nínú ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé iná ilé 5% ni. Inú bí mi débi pé mi ò ra nǹkan kan nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀.

Ó ku ohun kan. Mo ní màá ṣọ́ ọ.

Lálẹ́ Friday kan mo wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo da aṣọ òfì bò ó, mo dé fìlà, mo gbé àga kítíìnì síta. Ìyá Ìbejì yọjú lójú wíńdò, "Bàbá Ìbejì, ṣé ọkọ̀ lẹ rà ni àbí ọmọ tuntun?" Mi ò dá a lóhùn. 12:25, iná aláwọ̀ ewé wà lára ṣája, ó dúró bí ẹní ń sùn. 12:30, kò sí nǹkan. 12:33, kò sí nǹkan, mo ti ń ṣẹ́ ẹni tó ṣe áàpù náà léèpè. 12:37, mo gbọ́ ọ nínú ikùn ṣája: ta!

(Ìṣẹ́jú méje yẹn, mo padà wá mọ̀ pé òfin ni. Gbogbo ṣája ilé tí wọ́n bá ń tà ní orílẹ̀-èdè yìí láti June 30, 2022, ó gbọ́dọ̀ lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ falẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó lè tó mẹ́wàá, tọ̀túnla á sì yàtọ̀ sí tòní, kí gbogbo ọkọ̀ ìlú má baà fa iná ní ìṣẹ́jú kan náà kí wáyà ìjọba má baà mì. Ọgbọ́n ni, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí.)

Ta yẹn dún, iná ọkọ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó wá dákẹ́. Mo fọwọ́ kan wáyà, ó tutù. Mo gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ibi tí mo gbé etí lé e yẹn ni òyìnbó ilé kejì ti ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ó dúró, ó bi mí bóyá kò sí nǹkan, mo ní kò sí o, ara ni mò ń nà. Pẹ̀lú òfì lára báyìí, laago kan òru.

Mo wọlé, mo po tíì, mo fi orí lé tábìlì kítíìnì. 4:14, mo gbọ́ fáánù ọkọ̀, wùùù, látìta. Díẹ̀ ló kù kí n pariwo "Ọ́pù NEPA!" kí n jí gbogbo ojúlé. Mo sáré jáde, mo wọ inú ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ojú ẹ̀ láti ibì kan dé ibì kan, inú ibì kan tí wọ́n ki bọ inú ibòmíì, ojú ewé kẹta, ni mo ti rí àwòrán aago kékeré kan. 07:30. Monday títí dé Sunday.

Èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ó ti ta ọkọ̀, kò ta aago ẹ̀. Aago inú ọkọ̀ yẹn kì í sọ ìgbà tí ọkọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ o, ìgbà tó gbọ́dọ̀ parí ló ń sọ, ọkọ̀ á wá fúnra ẹ̀ kà sẹ́yìn: yúnìtì mélòó ló kù, wákàtí mélòó ló máa gbà mí, ó dáa, mo máa sùn títí di aago mẹ́rin kọjá. Ṣája mi ní tiẹ̀ ń tilẹ̀kùn ní 5:30. Nítorí náà, láàárín wákàtí márùn-ún tí mo rà, wákàtí kan àti díẹ̀ péré ni àwọn méjèèjì jọ wà lójúfò. Ìyẹn ni bọ́tìnnì tí mò ń tẹ láago mẹ́fà ṣe ń ṣiṣẹ́ kíákíá, torí àsìkò tọkùnrin yẹn ti tó! Ohun tí mo pè ní ọgbọ́n, òun ló ń pa mí. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan, mo ti fi méjì sí i láìmọ̀.

Mo pa 07:30 rẹ́. Alẹ́ ọjọ́ kejì, 12:34, ta!, wùùù tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kó tó di aago mẹ́rin ó ti dé 90% tí mo ní kó dúró sí. Èmi nìkan ni mo rí i, gbogbo ilé ti sùn, ṣùgbọ́n mo jó díẹ̀ sí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ibì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ti sọ aago, yálà nínú ọkọ̀ tàbí lórí ṣája, ẹ má ṣe é níbi méjèèjì. Ẹni tí ò bá ní ṣája ògiri, tó ń fi wáyà onípíìnì mẹ́ta ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, inú ọkọ̀ ni kó ti ṣe é, kó sì mọ̀ pé nǹkan bíi kilowatt 2.3 nìyẹn ń gbé, wákàtí márùn-ún ò ní fún un ju yúnìtì 11 àbọ̀ lọ. Tó bá sì jẹ́ àlòkù lẹ rà, ẹ nu inú kọ̀ǹpútà ẹ̀ dànù pátápátá kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aago yìí ni mo wá rí i pé ibi tọ́kùnrin yẹn ń gbé ṣì wà nínú máàpù, fóònù ẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Ká ní mo jẹ́ oníjà ni, mi ò bá wakọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀ kí n lọ gba owó mi.

Mo rò pé ó ti tán, March 30 ni wọ́n wá fi wákàtí kan ti gbogbo aago ìlú síwájú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń bọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀, mo tún gbé àga síta lálẹ́ Sunday yẹn. 12:30, 12:40, ó dákẹ́. 1:33 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dún. Ṣája ṣì wà nínú ọyẹ́ ní tiẹ̀. Kì í ṣe ohun tó le, mo pa á, mo tàn án, ó rántí, ṣùgbọ́n ká ní ọkọ̀ ṣófo lọ́jọ́ náà, á ti fi wákàtí kan wọ inú pẹ́ńsì 29. Mo pe ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ní Peckham tó ń lo mítà Economy 7, ìyẹn tàrífù òru ayé àtijọ́, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ bi àwọn oníná léèrè aago tí òru yín ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n bi wọ́n. Mítà wọn kì í bá wa yí aago, aago ọyẹ́ (GMT) ló wà títí ayé, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi wákàtí kan ṣìnà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn láti April dé October. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì ṣẹ́ àwọn oníná léèpè, nínú mímí kan náà.

Àbúrò mi n'Íbàdàn, nígbà tí mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún un, ẹ̀rín ló fi mí rín. Band A ni wọ́n wà, April 2024 ni wọ́n gbé yúnìtì wọn láti naira 68 sí 225. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ̀ ń yan wákàtí, àwa, wákàtí ló ń yàn wá, ẹ dákẹ́ ariwo."

Bíìlì April wọlé lánàá: £127. Mo gbé fóònù fún Ìyá Ìbejì láìsọ̀rọ̀, bó ṣe ṣe fún mi náà nìyẹn. Ó wò ó, ó ní ó dáa, ó wá ku àga kítíìnì òun tí òjò pa níta lálẹ́ ọjọ́ Sunday yẹn, ta ló máa san án?