Bí mo ṣe gba ẹ̀wà mi lọ́wọ́ kòkòrò
Kòkòrò ti ń dá ẹ̀wà olóyin tí mo rà pamọ́ lu. Ìyèré ló bá mi yanjú ẹ̀. Mo kọ́kọ́ sá ẹ̀wà náà sóòrùn, mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́, torí ìyèré kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ìdin tó ti wọ inú hóró; kòkòrò tó ti dàgbà àti ẹyin tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀wà ló ń bá jà. Mo wá lọ ìyèré gbígbẹ kúnná, mo da ṣíbí ìjẹun méjì sí kóńgò kọ̀ọ̀kan, mo pò ó títí ó fi kan gbogbo hóró, mo sì dé e pinpin sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ. Ó ń ta sánsán o! Àmọ́ èròjà ọbẹ̀ ṣáà ni. Ẹ ṣàn án dáadáa kí ẹ tó sè é.